Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Fọ́ọ̀mù

"Ẹ tètè gbé àwọn mátíréèsì yẹn síta! Oòrùn oṣù Agẹmọ ò ṣeé fọkàn tán. Bí ẹ bá ń fà bí ìgbín, òjò á bá wọn níta."

Màmá Afọláyan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjẹun. Kíá, Hàmdálátù àti Ikhlas gbé mátíréèsì kan, ọ̀kan dì í mú níwájú, èkejì lẹ́yìn, wọ́n sì sáré gbé e lọ sórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bólúwají ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú ọ̀pá. Bó ṣe na mátíréèsì náà lẹ́ẹ̀kan báyìí, eruku sọ lálá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

"Àfi bíi pé àwọn ọmọ èṣí gbàgbé ìyẹ̀fun ẹ̀lúbọ́ síbí," ni Bólúwají wí.

Ikhlas bú sẹ́rìn-ín. Hàmdálátù kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú padà kó lè lọ gbé òmíràn.

"Ìyá Àdínì!" Bólúwají pè é. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn rẹ́rìn-ín síta ni?"

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń pè é ní orúkọ yìí, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í fi àkókò ìrun ṣeré. Hàmdálátù kì í fèsì, àmọ́ ó máa ń dùn ún. Gbogbo ìgbà ló máa ń wá ohun tó yẹ kó fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ni èsì tó dára máa ń tó sọ sí i lọ́kàn.

Gbogbo ìsinmi gígùn ni Màmá Afọláyan máa ń ṣí àgọ́ àwọn ọmọdé náà, lójú ọ̀nà tó jáde láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ìpẹru. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ogójì ọmọ, láti ẹni ọdún mẹ́jọ sí ẹni ọdún méjìlá, ló máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oṣù Ògún. Wọ́n á gbin ẹ̀fọ́, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ, wọ́n á sáré ìje, wọ́n á sì máa pa àlọ́ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama ló máa ń ràn án lọ́wọ́. Báyìí, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí àwọn ọmọ dé, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya ń dúró de ẹni tó máa rán an, táǹkì omi ti hu èéhù, mẹ́ta lára àwọn bẹ́ẹ̀dì alájà méjì sì ti ń mì bí eyín arúgbó.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ni Hàmdálátù. Ó ti ṣe Wáẹ́ẹ̀kì tán, ó ń retí èsì. Láti Ṣàgámù, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta obì, ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá láràárọ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí Màmá Afọláyan sọ fún un pé òun ló máa jẹ́ olórí yàrá àwọn ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ra ìwé kékeré kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àti eré tí yóò kọ́ àwọn ọmọ náà sínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n sá mátíréèsì yìí, Àǹtí Fàtíà, akọ̀wé àgọ́, pè é sínú ọ́fíìsì. Ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ara ọmọ náà gbóná, ó ń ké láìdákẹ́.

"Hàmdá, jọ̀ọ́, gbà mí. Mo fẹ́ sáré gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù, bẹ́ẹ̀ Màmá ń retí ìwé ètò bẹ́ẹ̀dì lónìí. Àwọn fọ́ọ̀mù nìyí. Orúkọ àti ọjọ́ orí nìkan ni kó o bá mi kọ jáde, iwájú ni wọ́n wà. Má ṣí ẹ̀yìn o. Ohun tí àwọn òbí kọ sẹ́yìn, èmi àti Màmá nìkan ló wà fún."

"Mo ti gbọ́, mà. Ọlọ́run á fún ọmọ ní ìlera."

"Àmín o."

Hàmdálátù jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ méjìdínlógún tán láìwo ẹ̀yìn ìkankan. Nígbà tó mú ìkọkàndínlógún, atẹ́gùn fẹ́ láti ojú fèrèsé, fọ́ọ̀mù náà já bọ́ sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ká ní ó kàn mú un tó sì yí i padà ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sí i, ó sì kà á. Bírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn lẹ́tà náà rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ máa ń kọ̀wé:

"Ọmọ mi máa ń tọ̀ sílé lóru. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí bàbá ẹ̀ kú ló bẹ̀rẹ̀. Ojú máa ń tì í gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ tó kù mọ̀."

Hàmdálátù yí fọ́ọ̀mù náà padà. Mọ́fẹ́yìsára Ọ̀jẹ̀wálé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, láti Abúlé Ọ̀jẹ̀wálé lẹ́yìn Ògèrè. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó sì mú fọ́ọ̀mù tó kàn.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tó wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ṣàgámù, fóònù rẹ̀ ń dún lemọ́lemọ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ méje tó wà ní àgọ́ ní ojúkò kan lórí Wasáàpù tí wọ́n ti ń bára wọn ṣẹ̀fẹ̀. Bólúwají ti kọ̀wé síbẹ̀ pé, "Olórí yàrá, Ìyá Àdínì, ṣé ètò bẹ́ẹ̀dì ti parí? Àbí ẹ ṣì ń ṣe wàásù fún bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́?" Àwọn yòókù ti ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yìí, èsì kan sọ sí Hàmdálátù lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Ètò ti parí o. Ẹni tó bá máa sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ Ògèrè, kó yáa mú agboòrùn dání. Òjò òru dájú!"

Ẹ̀rín sọ. Ikhlas fi ẹ̀rín ránṣẹ́, àwọn tí kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Bólúwají kọ ọ́ pé, "Háà! Ìyá Àdínì ti ya ẹnu! Mo túbá!" Ara Hàmdálátù yá gágá. Láti ìgbà tó ti dé àgọ́, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó dà bíi pé òun náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Nígbà tó dé ilé, tó ń ṣe àlùwàlá, ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ náà padà wá sí i lọ́kàn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ tó kù mọ̀." Ó sáré nu ọwọ́, ó mú fóònù, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ní ó ti tán nìyẹn.

Kò tíì tán. Bólúwají ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ kan ní Ògèrè kí Hàmdálátù tó pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Hàmdálátù, Ikhlas àti Bólúwají jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rán àwọ̀n ẹ̀fọn. Ọ̀kadà kan wọ inú ọgbà, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Ó wé gèlè dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Afọláyan, ó sì na fóònù kékeré kan sí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú ara yín ka nǹkan tó wà níbí. Wọ́n ní ó ti wà nínú fóònù gbogbo àwọn ọmọ tó ń lọ sí lẹ́sìnnì ní Ògèrè."

Màmá Afọláyan wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á. Ó tún un kà.

"Èmi ni ìyá Mọ́fẹ́yìsára," obìnrin náà wí. "Agboòrùn ni wọ́n ń pe ọmọ mi báyìí. Bó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, 'Agboòrùn, ṣé òjò rọ̀ lánàá?' Ọjọ́ kẹta rèé tí kò jáde nílé. Màmá, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n tèmi pàápàá."

Màmá Afọláyan, tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, rọra fi ọwọ́ di ìjókòó mú, ó sì kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà.

"Háà! Màmá, ẹ dìde! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, mo bẹ̀ yín!"

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ọmọ mi. Èmi lo fọkàn tán."

Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́rẹ́ gún Hàmdálátù lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí àwọ̀n funfun, kò mọ̀.

Nígbà tí obìnrin náà ti lọ, Màmá pe Àǹtí Fàtíà síta. "Fàtíà, ta ló rí fọ́ọ̀mù yìí yàtọ̀ sí èmi àti ìwọ?"

Àǹtí Fàtíà wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú òun àti Hàmdálátù pàdé. Hàmdálátù tẹrí ba, ó ń fa òwú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bólúwají tó jókòó tì í rọra sọ̀rọ̀ láìwo ẹnikẹ́ni: "Ẹ di ẹnu yín o. Bí ọ̀kan bá jẹ́wọ́, gbogbo wa ló bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀."

"Ọwọ́ mi ni wọ́n wà, mà," ni Àǹtí Fàtíà dáhùn nígbẹ̀yìn.

"Nígbà náà, máa lọ sílé ná. Bí mo bá ti mọ ohun tí màá ṣe, màá pè ọ́."

Àǹtí Fàtíà kó ẹrù rẹ̀, ó pọn ọmọ. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró díẹ̀.

"Hàmdá, mi ò ní dárúkọ rẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ nígbà tí mo fi nǹkan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tó o ṣe." Ó sì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Hàmdálátù bá ìyá rẹ̀ nínú ìsọ̀ obì. Ràbíátù ni orúkọ ìyá rẹ̀, gbogbo àwọn oníṣòwò obì gbánja ní Ṣàgámù ló sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n jọ jókòó síwájú agbọ̀n, wọ́n ń ṣa àwọn tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀.

"Ìyá mi, àwọn ọmọ tó ń tọ̀ sílé, kí ló máa ń fà á?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo wá ń bi mí? Ṣebí ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà lo ń tọ̀ sílé."

"Èmi? Ìyá mi, mi ò rántí o."

"Báwo lo ṣe máa rántí? Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń fọ ẹní rẹ, màá sá a sẹ́yìn ìsọ̀ yìí, níbi tí ojú ò tó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní èmi ni mo da omi sí i. Ìyá bàbá rẹ tó bá wa gbé inú ilé kan náà, ó kú, kò mọ̀. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, kí ìwọ náà lè gbàgbé."

Obì tó wà lọ́wọ́ Hàmdálátù bọ́ sílẹ̀. Ó fi iborùn bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀.

"Kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́ ní nǹkan?"

"Èmi ni mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan, Ìyá mi." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fọ́ọ̀mù tó já bọ́ títí dé orí Àǹtí Fàtíà tó pọn ọmọ rẹ̀ tó ń lọ.

Ràbíátù kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú obì tó bọ́ sílẹ̀ náà.

"Ẹyin lohùn, Hàmdálátù," ló wí. "Bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. O ò lè kó o padà mọ́. Àmọ́ o lè jáde sọ pé ọwọ́ rẹ ló ti bọ́. Ọmọ yẹn ti sunkún nítorí rẹ, ìyá rẹ̀ ti sunkún. Má jẹ́ kí Fàtíà ṣe ìkẹta wọn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàmdálátù kò dúró de àwọn yòókù. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló wọ̀. Màmá Afọláyan ń gbá iwájú ọ́fíìsì nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Màmá, èmi ni. Àǹtí Fàtíà ní kí n má ṣí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, mo kà á. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn."

Màmá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "O wà níbí lánàá nígbà tí mo ní kí Fàtíà máa lọ sílé?"

"Mo wà níbí, mà."

"O sì gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

Màmá wò ó títí. Ẹsẹ̀ ń dún lẹ́yìn wọn. Bólúwají àti Ikhlas ti dé, wọ́n sì ti gbọ́. Ikhlas kúnlẹ̀. Bólúwají dúró pẹ́, ó ń fi bàtà wa ilẹ̀, kí òun náà tó dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí Ògèrè, mà. Eré ni mo fi ṣe."

"Eré," ni Màmá wí. Bólúwají kò lè gbé orí sókè mọ́. Màmá ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì padà wá. Lẹ́yìn èyí ni Màmá pe Àǹtí Fàtíà lórí fóònù. Ó bá a wí nítorí àwọn fọ́ọ̀mù tó fi sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀sùn tó fi kàn án, ó sì ní kó máa bọ̀. Ó wá kọjú sí Hàmdálátù.

"Dìde, fọ orúnkún rẹ. Iwájú mi kọ́ ni ibi tó yẹ kó o ti sọ ọ́. A ń lọ sí Abúlé Ọ̀jẹ̀wálé."

Ògèrè ni wọ́n ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gun ọ̀kadà wọ inú igbó. Bàbá àgbà kan tó ń hun agbọ̀n ló kọ́kọ́ kí wọn, èdè Rẹ́mọ tirẹ̀ jinlẹ̀ débi pé díẹ̀ ni Hàmdálátù gbọ́ níbẹ̀. Ìyá Mọ́fẹ́yìsára jáde láti ibi tó ti ń yan gàrí. Màmá ṣàlàyé, Hàmdálátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, kò bú u, kò sì ní òun ti gbà.

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè ní Agboòrùn," ló dáhùn. "Ó wà lẹ́yìnkùlé. Lọ bá a."

Mọ́fẹ́yìsára jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di dídì. Nínú gbogbo ìgbà tí Hàmdálátù fi ro ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò rò ó pé ọmọ náà máa kéré tó báyìí. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Hàmdálátù ni orúkọ mi."

Ọmọ náà kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n mú agboòrùn dání?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti rí mi rí?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́?"

Hàmdálátù ti ro oríṣiríṣi àlàyé lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín," ló wí.

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Mọ́fẹ́yìsára bó ẹ̀gúsí mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó tún sọ̀rọ̀. "Tí mo bá ti sùn báyìí, màá lá àlá pé bàbá mi ń pè mí láti òpópónà márosẹ̀. Màá sáré, mi ò ní bá a. Tí mo bá jí, ẹní á ti tutù. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí, Mọ́fẹ́yìsára. Ohun tí mo ṣe ò dára rárá."

Màmá Afọláyan ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ọmọ mi, ṣé wàá ṣì wá sí àgọ́ wa? Mo ti bá olùkọ́ lẹ́sìnnì yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun á bá àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Mo sì ṣèlérí fún ọ pé kò sí ẹni tó máa pè ọ́ ní orúkọ yẹn lọ́dọ̀ mi."

Ọmọ náà wo Màmá, ó wo Hàmdálátù. "Mo fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Mo ti ń ka ọjọ́. Àmọ́ tí mo bá ń rí Àǹtí yìí níbẹ̀, màá máa rántí. Tí wọ́n bá máa wà níbẹ̀, mi ò lọ."

"Mọ́fẹ́yìsára!" ìyá rẹ̀ kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Màmá Afọláyan na ọwọ́ sókè, kí ìyá náà dákẹ́. Hàmdálátù rí i pé òun ni wọ́n ń wò. Ó ronú kan yàrá gígùn náà, àwọn bẹ́ẹ̀dì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù, àwọn orin tó ti kọ sílẹ̀, ipò olórí yàrá tó ti sọ fún gbogbo ará ilé. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti bẹ̀bẹ̀, ó ti jẹ́wọ́, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo àwọn ìka tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bó ẹ̀gúsí náà, ó mọ̀ pé nínú àwọn méjèèjì, ẹnì kan ló máa pàdánù àgọ́ ọdún yìí. Kò sì tọ́ kó jẹ́ ẹni tí kò ṣẹ̀.

"Mi ò ní sí níbẹ̀," ló wí.

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí. Kí àwọn ọmọ tó dé ni màá ti lọ."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Màmá bi í pé, "Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an, mà."

"Ó yẹ kó dùn ọ́." Màmá wá fi ọwọ́ lé e léjìká, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí wọ́n fi dé àgọ́.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Hàmdálátù ṣiṣẹ́ nínú wọn ju bó ṣe ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ló bá Màmá dámọ̀ràn pé kí wọ́n ra ọ̀rá fífẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ tábìlì, kí wọ́n gé e sí ogójì, kí wọ́n sì fi bo gbogbo mátíréèsì kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ lé e. "Bí gbogbo bẹ́ẹ̀dì bá ní ọ̀rá," ló wí, "kò sí ọmọ tí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ máa dá yàtọ̀." Òun àti Ikhlas gé ọ̀rá títí ọwọ́ wọn fi lé ròrò. Ikhlas ni Màmá fi ṣe olórí yàrá. Hàmdálátù fa ìwé orin rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ ní gbogbo ohùn orin náà bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn fọ́ọ̀mù, inú àpótí onígi kan ni wọ́n ń gbé báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Àǹtí Fàtíà.

Lọ́jọ́ Ajé tí àwọn ọmọ máa dé, Hàmdálátù tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn. Ó kí Màmá, ó kí Àǹtí Fàtíà, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó lọ dúró lẹ́bàá títì, ó ń retí bọ́ọ̀sì Ṣàgámù.

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà kan fi yọ láti ọ̀nà Ìpẹru. Ìyá Mọ́fẹ́yìsára ló jókòó sẹ́yìn, ọmọ náà sì wà láàárín òun àti ọlọ́kadà, ó gbé ike ìwẹ̀ tuntun mọ́ àyà. Ọ̀kadà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàmdálátù. Mọ́fẹ́yìsára rí i. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kadà ń yà sí ọ̀nà àgọ́, ó yí ọrùn padà, ó sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ.

Hàmdálátù nu ojú, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó ti rí i kedere báyìí pé àṣírí ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ra ọ̀rẹ́. Ẹ̀rín tó gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi tán, ṣùgbọ́n ọmọ kan ti sunkún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tí ìka yín bá ti tẹ̀ jáde, píparẹ́ kì í pa á rẹ́ nínú ọkàn ẹni tó gún. Ẹ rò ó kí ẹ tó sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣì í sọ, ẹ má sá fún ohun tí àtúnṣe rẹ̀ bá gbà, bó ti wù kó dùn yín tó.